Torunn Oníṣirò Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹni tó bá sọ lójú mi pé Torunn Brekkhus ló lé pẹ́pẹ́yẹ kúrò ní Skarvik, ìlú wa, kò ní mu kọfí nílé oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà. Mo ti lé èèyàn jáde nítorí ọ̀rọ̀ yìí rí, àna mi sì wà lára wọn.

Iṣẹ́ Torunn ò le láti ṣàlàyé. Lóṣù karùn-ún ọdọọdún, òun àti Delwyn awakọ̀ bàálù á wọ bàálù kékeré kan, wọ́n á máa rá bàbà lórí oko wa ní North Dakota níbí, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń tọ̀ lọ́dọọdún. Torunn á máa pe ohun tó bá rí sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀: adágún tó lómi, èyí tó gbẹ, àti takọtabo pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Tó bá délé, á kó o sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ òjò, òjò dídì àti ooru, á wá ṣírò ibi tí àwọn ẹyẹ náà máa wà nígbà tí àwọn ọmọ wa bá darúgbó. Ìṣirò yìí nìjọba fi ń mọ iye ẹyẹ tí ọdẹ lè pa, àti àgbẹ̀ tí wọ́n máa sanwó fún kó má baà fa adágún oko rẹ̀ gbẹ.

Kó tó fò, á kọ́kọ́ wá sọ ohun tí ìṣirò rẹ̀ ní wọ́n máa rí, lójú gbogbo ẹni tó ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àyè gbà á. Lọ́dún tí ìṣirò náà wọgbó, n kì í tíì gbé kọfí kalẹ̀ tó fi máa ń wí pé, "Ardis, mo ṣì í o." Mélòó nínú àwọn ọkùnrin ìlú yìí ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Nígbà òtútù kan, ìṣirò náà wá kan ilé. Ó ní ọ̀dọ̀ wa á máa gbẹ sí i, pé apá ìlà-oòrùn ni yóò gba pẹ́pẹ́yẹ lọ́jọ́ iwájú, bí wọ́n bá dá omi padà sínú àwọn adágún tí wọ́n ti fà gbẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé kí owó ìjọba kúrò lọ́dọ̀ wa. Palmer, ẹ̀gbọ́n Torunn, ló ń dá oko bàbá wọn. Owó yẹn ni kò jẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn adágún ibẹ̀, etí omi ibẹ̀ sì ni bàbá wọn ti kọ́ Torunn lórúkọ ẹyẹ.

Palmer wá bá a níbí, ní ọjọ́ ìpàdé tí Torunn ti máa sọ ìṣirò náà fún gbogbo ìlú gan-an.

"Torunn, ṣé ìṣirò rẹ ò lè parọ́ díẹ̀ ni?"

"Ó lè parọ́. Èmi ni mi ò ní bá a parọ́."

"Tí wọ́n bá gé owó yẹn, màá fa omi yẹn o. Ẹ̀wà sóyà ni màá gbìn síbẹ̀. Mo ní gbèsè lọ́rùn."

"Mo mọ̀."

"Omi Bàbá ni o!"

"Palmer, mo ní mo mọ̀!"

Mo yíjú sí ibi iná mi, nítorí ó ń dùn mí.

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Torunn sọ ọ́ láìyọ ẹyọ kan. Ó sọ ohun tí kò mọ̀ pẹ̀lú: ìṣirò rẹ̀ mọ agbègbè, kò mọ adágún kan ṣoṣo. Ẹnì kan pariwo pé, "Ìwọ lo ń lé wọn lọ!" Palmer mú fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ni í rí.

Wọ́n gé owó náà. Nígbà ìkórè, Palmer gbé ẹ̀rọ wá, ó ri páìpù sábẹ́ ilẹ̀, omi sì lọ. Kérésìmesì dé, kò pe Torunn wá jẹun.

Nígbà tó di ìgbà ìrúwé, Torunn wá sọ pé ìṣirò òun ní ọ̀pọ̀ adágún wa máa gbẹ lọ́dún náà. Ló bá di pé òjò dídì ńlá kan rọ̀ lẹ́yìn tí a ti rò pé ó ti tán. Delwyn ní nígbà tí àwọn dórí oko bàbá Torunn, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá: "Omi, kò sí. Pẹ́pẹ́yẹ, takọtabo kan, wọ́n dúró lórí iyẹ̀pẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Palmer jókòó sí igun rẹ̀, kò wo apá ibi tí àbúrò rẹ̀ wà. Orville tó ń ta ajílẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀: "Torunn, o jàre! Oko yín gan-an gbẹ táútáú, bí ìṣirò rẹ ṣe wí!"

"Rárá o. Mo ti yọ oko wa kúrò nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ kọ́ ló gbẹ ẹ́, páìpù ni."

"Kí ló ń dùn ẹ́ níbẹ̀? Ṣebí ó gbè ẹ́!"

"Ó gbè mí, àmọ́ irọ́ ni. Gbogbo adágún tó yí wa ká ló lómi. Mo ṣì í lọ́dún yìí."

Palmer gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. "Tiwa ńkọ́? Ká ní mi ò fọwọ́ kàn án?"

Torunn ì bá ti ní òun ò mọ̀. Ta ni ì bá dá a lẹ́bi? Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ì bá kún, Palmer."

Palmer bo ojú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó wá fẹsẹ̀ ti àga tó wà níwájú rẹ̀ síta. Torunn lọ jókòó lórí rẹ̀, mo sì bu kọfí fún àwọn méjèèjì.