Igun Mẹ́ta fún Àbíkẹ́yìn

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, Ìsàn-Èkìtì ni ọkàn mi ń lọ, sí ẹ̀yìn kíláàsì wa, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn olówó ìlú. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibẹ̀ ń tì mí.

Èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ìṣirò, orúkọ náà sì ti ń gùn mí. Kí tíṣà tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ọwọ́ mi ti wà lókè. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó kì í tilẹ̀ nawọ́. Ó lè tẹjú mọ́ ìbéèrè kan títí agogo oúnjẹ yóò fi lù. Á ya àwòrán, á pa á rẹ́, á tún un yà.

“Ṣé uṣirò lò ń ṣe ni, àbí ò ń hun ẹní?” Báyìí ni mo ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín ló máa ń rín.

Lọ́jọ́ Ajé kan, tíṣà ìṣirò wa ní ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa máa rán lọ sí ìdíje ní Ìkọ̀lé. Ó ya ilẹ̀ kan sójú pátákó, onígun mẹ́rin mẹ́ta tó bára dọ́gba: méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀kẹta gun orí èyí tó wà lápá òsì.

“Ọmọ ìyá mẹ́rin ló jogún ilẹ̀ yìí,” ó ní. “Ẹ pín in. Ti ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ẹnì kejì, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ń lọ.”

Mo ti fi mẹ́rin pín in kó tó jókòó. Ó rẹ́rìn-ín. “O mọ bó ṣe tóbi tó. Báwo ló ṣe rí?” Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá fọ́múlà rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ mi pẹ́ dé, nítorí omi ìyá rẹ̀ àgbà tó máa ń kọ́kọ́ pọn. Wọ́n wọn koríko fún un pé kó gé. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ pè é. Ó ti lọ fọwọ́ nídìí kànga, ṣùgbọ́n ohun tó fi àdá ṣe wà nílẹ̀. Ó ti ha àwòrán ilẹ̀ náà sínú koríko, bíi mẹ́fà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo wò. Ó fún ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ní onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ó gé igun kan, ìdá kan nínú mẹ́rin, lára ti oníkálukú, ó sì kó o fún àbíkẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Mi ò lọ sídìí kànga mọ́. Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo sáré gbà lọ.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé, àwòrán rẹ̀ ti wà lójú pátákó, tíṣà ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó wo pátákó, ó wò mí. “Ó dáa,” ló sọ, ó sì jókòó.

Ní Ìkọ̀lé, ìbéèrè tó kẹ́yìn tún jẹ́ ilẹ̀ pínpín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wọ́ lápá kan. Mo gé igun bí ọ̀rẹ́ mi ṣe gé e, kò bọ́ sí i. Mo fọwọ́ lẹ́rán títí wọ́n fi gba ìwé.

Nígbà tí mo dé, ọ̀rẹ́ mi kò béèrè ipò tí mo ṣe. “Kí ni wọ́n bi yín? Yà á, ká rí bí uṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí.”

Mo yà á sórí iyẹ̀pẹ̀. Mi ò lè gbójú sókè. “Inú koríko ni mo ti rí i,” mo ní.

“Mo mọ̀. Ipa sálúbàtà rẹ wà níbẹ̀. O tẹ àwọn márùn-ún tí mo kọ́kọ́ ṣì yà mọ́lẹ̀, o ò wò wọ́n.”

Ó he igi kan nílẹ̀, ó nà án sí mi.

“Gbà. Ìwọ kọ́kọ́ ṣì í.”