Ọdún Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gba Èsì Nílé Wa

Lọ́jọ́ tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí kì í ta oúnjẹ tàbí oògùn tilẹ̀kùn nítorí àrùn kòrónà, rédíò kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Kẹ́tu, ẹni tó ni ín kò sì tíì wá béèrè rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ atúnrédíòṣe ti rí nígbà náà. Èmi tí mo ti tún rédíò adájọ́ àti ti awakọ̀ ṣe, tí mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí bí ohùn ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, mo ti di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń yọjú sí láti béèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ máa ń ta ṣájà?" Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, láìsí ẹni tó kí mi kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni ìkéde jáde pé níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì, orí rédíò ni wọn yóò ti máa kọ́ àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ènìyàn ti ń kan ilẹ̀kùn mi nílé ní Ìkòsì. Wọ́n gbé rédíò tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ayé bàbá wọn wá. Ọkùnrin kan búra fún mi pé rédíò tòun kò ní àìsàn kankan, ohùn rẹ̀ ló kàn lọ. Mo tú u, mo bá òkú ọmọńlé nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀n, Dádì, ó lè jẹ́ òun ni."

Ilé tí à ń gbé jẹ́ ilé alájà kan, tó kún fún ayálégbé. Lókè ni Mọ́mì Rẹ̀mí ń gbé, obìnrin tó ń ta tòmátò ní Mile 12, pẹ̀lú Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀, tó ń múra ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo yá ọmọ náà ní rédíò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: "Ẹ dúró ná, sà! Ẹ dúró ná!"

Mo ní, "Ta lò ń bá jà?"

"Tíṣà orí rédíò ni, Dádì. Ìṣirò yìí kò yé mi. Mo ní kí wọ́n dúró, wọn ò dúró."

Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò purọ́ mọ́ ọn: a máa sọ tirẹ̀, kì í gba tẹnìkan. Ìyá ọmọ náà yọ sí wa láti òkè, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà, ọkọ̀ tó ń kó tòmátò bọ̀ láti òkè ọya kò wọlé bó ṣe yẹ mọ́, àwọn alábàárù tó ń bá a gbé ẹrù sì ti padà sí ìlú wọn. Òun nìkan ló ń gbé e.

Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Dádì. Mo ti sọ fún un. Bí ẹ̀kọ́ yìí kò bá yé e títí ọ̀sẹ̀ yìí ó fi parí, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjà ni. Ẹni tó ń bá àpótí jà lórí àtẹ̀gùn, ṣé kò lè bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ ni?"

Èmi náà mọ̀ pé ọmọ tó bá wọ Mile 12 lọ́jọ́ orí yẹn, tó sì mọ ọjà tà, agbára káká ni yóò fi padà sídìí ìwé.

Bẹ́ẹ̀ tíṣà ìṣirò wà nínú ilé kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí, ọmọ Ṣakí, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ni kí gbogbo rẹ̀ tó dúró. Ṣùgbọ́n ásímà ń bá a jà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ òun. Mo lọ bá a lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, mo ro ẹjọ́ ọmọ náà fún un.

Ó ní, "Bàbá, ó wù mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́, ògiri ni mò ń kọ́ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo kí ohùn mi tó dé òkè, ikọ́ ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀gá mi, Ọ̀gá Làmídì, tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin nígbà èwe mi. Nínú spíkà, mágínẹ́ẹ̀tì wà, wáyà tín-ín-rín tí a wé bí òwú wà, pépà fẹ́lẹ́ sì bò wọ́n. Bí iná bá gba inú wáyà náà, pépà á gbọ̀n, ohùn á jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀nà náà ṣeé gbà padà: bí ohùn ènìyàn bá gbọn pépà yẹn, iná kékeré á jáde láti inú wáyà. Nígbà tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ sínú spíkà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ní etí ni?"

Ó ní, "Ohun tó bá lè pariwo lè gbọ́ ariwo. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń pariwo tí kì í gbọ́."

Mo kó àwọn spíkà tí mo ti yọ kúrò lára òkú rédíò jáde, mo fi pákó ṣe àpótí fún wọn, mo fa wáyà láti yàrá kan dé òmíràn, mo sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ áńpù kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Bátìrì mọ́tò ló ń fún un ní iná. Bí ẹ̀kọ́ orí rédíò bá parí, tíṣà á sọ̀rọ̀ láti yàrá rẹ̀, ọmọ tí nǹkan kò bá yé á sì béèrè láti inú tirẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ di yẹ̀yẹ́, nítorí mo gbàgbé pé etí tí kò ní ìdérí á gbọ́ ohun gbogbo. Bí mo ti tan ẹ̀rọ, gbogbo ilé gbọ́ ìkòkò tó ń hó, ọmọ tó ń ké, àti ohùn ìyàwó ilé kan tó ń wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹran kan ṣoṣo ni mo ní kí o mú o." Láti yàrá mìíràn ni ẹnìkan ti dáhùn pé, "Bọ̀dá, ẹ dá a padà!" Lọ́jọ́ kejì mo fi bọ́tìnnì sára àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ dá fún un, Rẹ̀mí tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Máínọ̀sì lọ́nà máínọ̀sì, báwo ló ṣe di pílọ́sì? Rédíò kàn ní bẹ́ẹ̀ ló rí."

Tíṣà ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí a bá yọ ohun búburú kúrò, ṣé kì í ṣe dáadáa ló kù? Bí ìgbà tí mọ́mì rẹ bá yọ tòmátò tó ti jẹrà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀."

"Tíṣà, ẹ dúró ná."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Èmi ni, Mọ́mì Rẹ̀mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọ èyí tó jẹrà kúrò. Apẹ̀rẹ̀ mi kì í kún sí i, ńṣe ló ń fà. Ẹ tún un sọ, kò tíì yé mi."

Ọkùnrin kan bọ́ sí i láti yàrá tirẹ̀: "Mọ́mì Rẹ̀mí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe ìdánwò ni?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi ṣe é? Gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, jàre!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù ikọ́ fi bà mí. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àpẹẹrẹ mi kò dára. Ẹ dìde dúró. Ká ní Kẹ́tu lẹ wà, ẹ kọjú sí Òjọ́ta. Bí ẹ bá rìn síwájú, níbo lẹ ń lọ?"

"Òjọ́ta."

"Ẹ yí padà, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí Òjọ́ta. Máínọ̀sì kan nìyẹn. Bí ẹ bá rìn síwájú báyìí ńkọ́?"

"Mile 12. Ọjà mi ni mò ń lọ yẹn."

"Ẹ má rìn síwájú o. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn. Máínọ̀sì kejì."

Ó dájú pé Rẹ̀mí ló tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún un, nítorí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ abọ́ tó já bọ́, mo gbọ́ Rẹ̀mí tó ní, "Mọ́mì, ẹ rọra!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ lókè orí mi, kì í ṣe nínú àpótí mọ́: ẹsẹ̀ gbogbo ilé ń wọ́, olúkúlùkù ń fi ẹ̀yìn rìn nínú yàrá rẹ̀.

"Yéè! Òjọ́ta! Tíṣà, Òjọ́ta ni mò ń lọ yìí!"

Orí mi wú. Mo ti gbọ́ ohùn láti òkè òkun nínú ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe, mo ti gbọ́ ìgbà tí ìjọba bọ́ tí òmíràn dé. N kò gbọ́ irú èyí rí. Àwọn ènìyàn tí àrùn ti sé mọ́lé, tí wọn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn, ń rìn pọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, tíṣà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí sì ni ó ṣáájú wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, àwọn tó ń ta oògùn, tí wọ́n ti fi ráábà dí àárín àwọn àti oníbàárà nítorí àrùn, ń wá mi pé kí n ṣe irú àpótí yìí fún wọn, nítorí wọn kò gbọ́ ara wọn mọ́. Onílé kan láti Magodo náà fẹ́ tirẹ̀ sẹ́nu géètì. Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí wá di olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù. Rẹ̀mí ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege ìṣirò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jáde ni ọkàn mi máa ń padà sí. Òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí ìyá rẹ̀ ní yóò kó o lọ sọ́jà yẹn ni. Mo jókòó níwájú ilé nígbà tí Mọ́mì Rẹ̀mí sọ̀kalẹ̀, ìbòmú lẹ́nu, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí, òun nìkan.

Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?"

Kò dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó, Dádì. Ọwọ́ rẹ̀ dí."