Epo Ẹja Lẹ́sẹ̀ Àbúrò Mi

Ẹni tó bá mu epo ẹja nígbà tí mo wà lọ́mọdé kò ní í gbàgbé rẹ̀ láéláé. Èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, oníhóró rọ̀bọ̀tọ̀ tí dókítà ní kí n máa gbé mì nítorí ọkàn àti ojú mi, ọ̀lẹ ni ó jẹ́ lójú tiwa. Inú ìgò ni tiwa wà, ó sì ń rùn bí etí omi Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí ẹja ò bá tà.

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni, Ìkòròdú là ń gbé. Àbúrò mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún méjì, kò tíì rìn. Bí a bá gbé e dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, á sì rọra jókòó padà bí àgbà tó ti rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọmọ ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀kọ ló sì ń mu ṣáá. Oyún mìíràn tún ti dé. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi: bí tinú bá dé kí tòde tó rìn, ta ni yóò pọ̀n, ta ni yóò gbé?

Nọ́ọ̀sì fún un ní ìgò epo ẹja, ó ní ṣíbí kan láràárọ̀, kí egungun ọmọ lè le. Ó ní kó máa jẹ ẹja, kó sì máa rí oòrùn.

"Ẹja àti oòrùn?" ni ìyá mi wí. "Ẹ̀pẹ́ nìyẹn."

Bó ṣe kó èmi àti àbúrò mi wọkọ̀ ojú omi nìyẹn. A gba Àgbówà kọjá, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tó ń yan ẹja tà. Ìyá mi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo epo náà dáadáa, ó fi wá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Kò tíì jìnnà tí Ìyá Àgbà fi ṣí ìgò, tó gbóòórùn rẹ̀, tó yínmú. Ẹni tó ń yan ẹja láti kékeré o! Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá Àgbà, wọ́n ní kó mu ún ni."

"Ṣé ẹnu ni kò rìn ni, àbí ẹsẹ̀?"

Mo ní ẹsẹ̀ ni.

"Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀ ọmọ wá."

Bí àdín àgbọn ló ṣe ń lò ó. Láràárọ̀, nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á fi ra á láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, á fà á, á nà án. "Dìde, ìwọ yìí! O ò ní í jókòó délé ọkọ." Lẹ́yìn náà ló máa ń fún un ní ẹja ṣáwá tó ti sè títí egungun fi rọ̀, tó rún un mọ́ ẹ̀bà. Mo ti wá kàwé báyìí, mo mọ̀ pé ọ̀rá tó dára wà nínú ṣáwá náà, oòrùn sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ológbò àdúgbò ń tẹ̀ lé wa kiri, wọ́n ń wá ẹsẹ̀ àbúrò mi lá.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́, ìyá mi dé pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdẹ̀. Ó rí i pé epo ti fà, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ọmọ, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yéè! Ìyá mi, ẹ fi oògùn pa ọmọ lára! Mímu ni wọ́n ní kó mu ún!"

"Ìwọ mu ún ná, kí n wò ó."

Ìyá mi ò mu ún. Ó gbé ọmọ kalẹ̀ sórí ẹní, ó bu ṣíbí kan, ó fún un nímú, ó dà á sí i lẹ́nu. Ojú àbúrò mi yí padà. Ó tu epo náà dànù, ó di agbọ̀n ẹja mú, ó fa ara rẹ̀ dìde. Ni ọmọ bá rìn! Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó ń lọ, ó gba ẹ̀yìn ààrò.

"Ṣó o rí i?" ni Ìyá Àgbà pariwo. "Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀!"

"Ẹnu ló gbà wọlé kó tó rìn o, Ìyá mi!"

Ìyá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tikùn-tikùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó pe ọmọ. Ọmọ wo ṣíbí, ó mirí. Ìyá mi ju ṣíbí sínú yanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà náà ló tó rìn padà wá.