Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Bí ẹ bá gbọ́ pé obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún kúnlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Bẹẹrẹ, tó so awò dúdú ńlá mọ́jú, tó ń kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ pé "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá", ẹ má ṣe pè é ní wèrè. Èmi ni.

Ilé ọkọ mi ní Ìdí Arère ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé níyàwó, àbúrò ọkọ mi tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ilé kí òun tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo ní láti fún un ní orúkọ tèmi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ẹnu ni èmi wò. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń mú un lọ sílé kéú, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá baálé ilé sọ̀rọ̀: "Ọkọ mi, ẹ fọn ikun yín. Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ sórí ẹní mọ́."

N kò kàn pa àṣà yìí mọ́, mo fi ń yangàn ni. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ohun tí mò ń sọ yìí, a gbé ìyàwó tuntun kan wọlé, ọ̀mọ̀wé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe orúkọ ọmọ kan tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mo mú un kúnlẹ̀ bẹ ọmọ náà. Ọmọ ọ̀hún kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń bẹ òun fún, ó rò pé wọ́n fẹ́ gba bisikíìtì ọwọ́ òun. Mo wá dúró lé ìyàwó lórí, mo ní ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí èmi ti wà nínú ilé yìí, orúkọ ẹnì kan kò bọ́ lẹ́nu mi rí. Ẹ ò rí bí mo ṣe na ọrùn lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Nígbà yẹn, Eyínfúnjowó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ń ta àpò fóònù àti wáyà ṣájà ní Oríta-mẹ́rin, ṣùgbọ́n gémù ni ọkàn rẹ̀ wà. Kì í ṣe ti orí fóònù. Èyí tí wọ́n ń wọ awò ńlá fún ni, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò bá ara rẹ̀ nínú ayé mìíràn, tí yóò máa rìn níbẹ̀, tí yóò máa jà níbẹ̀, tí yóò sì di ẹni tí kì í ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Bẹẹrẹ wá kéde ìdíje. Olùdíje kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹnì kan wá láti ilé rẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, wọn yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ gémù ṣíṣe fún odidi ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣe ìkejì, wọn yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ yìí ti ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ìdíje yìí ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó rí níwájú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ mú lọ."

"Èmi kẹ̀? Ẹ wò mí dáadáa."

"Ẹ ò ní jà. Dókítà lẹ máa ṣe."

Ó ṣàlàyé fún mi. Nínú eré náà, ọkọ̀ ńlá kan ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí ìràwọ̀ tó jìnnà, àwọn ọlọ́ṣà sì ti ya wọ inú rẹ̀. Òun ni yóò jẹ́ ọmọ-ogun. Bí ọmọ-ogun bá ṣubú, dókítà rẹ̀ yóò pe orúkọ rẹ̀, iná yóò tàn láyà rẹ̀, yóò sì fúnra rẹ̀ dìde. Orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Ó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi Eyínfúnjowó sí i nítorí mi, wọ́n kọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Mi ò ní ṣubú."

Lóòótọ́, kì í ṣubú. A lọ dánra wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọlọ́ṣà tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni n kò gbádùn. Wọ́n ní kí n yan irú ẹni tí mo fẹ́ jẹ́, mo bá yan omidan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní ikùn. Mo ń wo ọwọ́ ara mi, mo ń wo ìbàdí ara mi, mo gbàgbé pé dókítà ni mí. Ẹsẹ̀ mi tòótọ́ ní tirẹ̀ tẹ híjáàbù mi mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi imú gbá tábìlì.

Lọ́jọ́ ìdíje, mo ṣe bísímílà kí n tó wọ awò náà. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ohun tí à ń rí nínú awò ni wọ́n ń wò lára ògiri. A ń lọ dáadáa. Yàrá márùn-ún ló wà, a ti kọjá mẹ́rin, àwa la wà níwájú gbogbo wọn. Àfi bí ilẹ̀kùn kan ṣe ṣí, tí baba arúgbó kan jáde síwájú mi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí ni kí obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Baba na ọ̀pá sí mi, iná sì yọ lára rẹ̀. Eyínfúnjowó fò sáàárín wa, iná bà á láyà, ó nà gbalaja. Àṣé ọlọ́ṣà ni baba náà; ó pòórá.

Ohùn kan sọ sí mi létí pé, "Dókítà, pe orúkọ rẹ̀." Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní.

"Eyínfúnjowó!" Kò sí nǹkan kan. "Ọkọ mi!" Kò sí nǹkan kan. "Ọkọ mi àtàtà, ẹ dákun!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé, "Màmá, orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè!" Inú bí mi sí onítọ̀hún, àfi bí ẹni pé mo dití. Mo mọ orúkọ náà. Ó wà lórí ahọ́n mi, kò kàn fẹ́ jáde ni. Mo rántí ìyàwó tí mo mú kúnlẹ̀. Mo ro ohun tí wọn yóò sọ bí ìròyìn bá délé. Mo tilẹ̀ rò ó, kí Ọlọ́run foríjì mí, pé ẹni tó kú nínú gémù kò kúkú kú. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ nà sílẹ̀, èmi ń ro ti iyì.

Nígbà tí àsìkò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo pè é. N kò ní kọ ọ́ síbí, ojú ṣì ń tì mí. Iná tàn láyà rẹ̀. Kò dìde. Mo tún un pè, kò dìde. Ẹ̀rù bà mí, mo gbàgbé pé gémù ni, mo fi igbe bọnu lẹ́ẹ̀kẹta, "Dìde, ọmọ mi, jọ̀ọ́!" Ó wá dìde. A sáré wọ yàrá ìkẹyìn, a bá ọmọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè. Ìkejì la ṣe. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà, a gba Ọjà'ba. Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń lọ. Mo ní èmi ni mo ba tirẹ̀ jẹ́, èmi àti ìkúnlẹ̀ mi àti agídí mi.

"Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, Ìyàwó wa. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́."

"Ẹ gbọ́ kí ni?"

"Orúkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ pè é ni mo ti gbọ́."

Mo dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà. "Ẹ gbọ́, ẹ sì nà sílẹ̀? Ṣé orí yín pé báyìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ipò mọ́ wa lọ́wọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹni tó wẹ̀ mí dàgbà, tó ń fún mi lóúnjẹ, kò pe orúkọ mi rí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa ni. Mo rò pé àyè ṣì wà."

Mo ti máa ń fọ́nnu fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tí ọmọ yìí fẹ́ tí n kò ṣe fún un. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wa pé ká kúrò lọ́nà. Mo pe orúkọ rẹ̀, lójú ọjà, ní ọ̀sán gangan.

"Mà," ó ní.

N kò ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán an, mo kàn fẹ́ pè é ni.