Kí Ẹnikẹ́ni Má Tún Gbé Ẹ̀sáǹsì Wọ Yàrá: Ìdágbére fún Ẹ̀gbọ́n Mi, Sàlámátù Àbẹ̀kẹ́

Yéè, iná jó mi o! Ẹ̀gbọ́n mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá mi, ó dìgbà tí a bá tún pàdé níwájú Ọba Aṣẹ̀dá. Ikú kò ṣe mí dáadáa. Ó mú èyí tó dùn mí jù lọ.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé àìsàn ránpẹ́ ló mú yín lọ. Àwọn àgbà ilé ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bí a ti ń kọ ọ́ nìyẹn, pé ó ń bu iyì kún òkú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́. Kò sí àìsàn kankan lára yín. Ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀ tí ẹ ń tà, tí ẹ ń gbé sínú yàrá tí ẹ ń sùn, òun ló jó yín pa. Gbogbo Ifangni ló rí èéfín rẹ̀. Ta ni mo wá fẹ́ parọ́ fún?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín bó ti yẹ. Àbẹ̀kẹ́, arẹwà tí kì í fi ẹwà ṣe fújà, ẹ di opó nígbà tí Mùnírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, ṣì ń rákò. Ẹ kò tọrọ, ẹ kò bẹ̀bẹ̀. Tábìlì igi kan létí ọ̀nà Daagbé, àwọn ìgò tí epo inú wọn ń dán lójú oòrùn, àrọ kan, àti àkísà tí ẹ fi ń sẹ́ epo: ohun tí ẹ fi tọ́ ọmọ nìyẹn, ohun tí ẹ fi kọ́lé nìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà kì í kọjá láì kí yín. Ẹ kì í lú epo, ẹ kì í dín òṣùwọ̀n. Bí alùpùpù ẹnìkan bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ tí àpò rẹ̀ sì gbẹ, ẹ ó da díẹ̀ sí i, ẹ ó ní, “Máa lọ jàre, Ọlọ́run á fún mi ní tèmi.”

Àmọ́ gbogbo ẹni tó wá síbi fídáù yìí ló mọ bí a ti ń ṣe é ní ẹnubodè wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó kó kẹ́ẹ̀gì wọ yàrá. Èyí tó bá sùn síta, olè á gbé e, tàbí kí àwọn aṣọ́bodè kó o lọ. Abẹ́ ibùsùn ni à ń tò ó sí. Ọmọ ọwọ́ wà lókè, ẹ̀sáǹsì wà nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti mọ́ wa lára débi pé àlejò nìkan ló kù tó ń gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì ráhùn, a ó pè é ní ojo. Èmi náà ráhùn títí. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, “Ràfátù, ohun tó ń bọ́ni kì í pani.” Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ṣáájú wa ti sọ ọ́: òwò tí àdá mọ̀ ní í ká àdá léyín.

Lọ́jọ́ náà, òjò rọ̀ láti àárọ̀, gbogbo igi ìdáná ló tutù. Ẹ gbé ààrò eléèédú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ lè se oúnjẹ ọ̀sán. Kẹ́ẹ̀gì kan ń jò nínú yàrá, ẹ kò mọ̀. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀sáǹsì kì í ṣe ohun tí à ń fojú rí. Ilẹ̀ ló ń gbà lọ, ó ń yọ́ rìn títí ó fi bá iná pàdé. Ìdí kànga lẹ́yìnkùlé ni ẹ wà nígbà tó gbiná. Ẹ̀yìnkùlé! Kò sí ohun kan tó ṣe yín. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ńṣe ni ẹ ju korobá sílẹ̀, tí ẹ sáré padà wọlé. Kò sí ọmọ nínú ilé, kò sí arúgbó níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ni ẹ fẹ́ kó jáde, kí ọjà má bàa ṣòfò. Àwọn aládùúgbò bá da omi lé e. Iná gun orí omi, ó tẹ̀lé e dé ibi tí ẹ dúró sí. Òkìtì yanrìn tí ẹ fẹ́ fi mọ ògiri wà níwájú ilé, ẹnikẹ́ni kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀. Láti ayébáyé ni a ti ń ta epo, a kò mọ ohun tí a fi ń pa iná epo. Inú ń bí mi. Títí di bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, inú ń bí mi.

Wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, mo jókòó tì yín. Ẹ bi mí bóyá irun ìpéǹpéjú yín ṣì wà. Mo ní ó wà. Ẹ ní, “Irọ́ lò ń pa. O ò mọ irọ́ í pa láti kékeré.” Lẹ́yìn náà ni ẹ sọ èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi: “Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń di ẹrù mú, Ràfátù. Ìyá wa kọ́ wa, ọjà kọ́ wa. Kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ti ń jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ mi ń jó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí n ti jù ú nù. Ẹ̀kọ́ náà dáa. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni.” Nígbà tí ohùn yín ń lọ, orúkọ ọmọ yín ni ẹ pè: “Mùnírátù. Má jẹ́ kó jókòó síbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ jókòó síbẹ̀, nídìí tábìlì epo yín. Ọjọ́ fídáù kò tíì pé tí àwọn kan ti gbé kẹ́ẹ̀gì wá fún un. Wọ́n pè é ní àánú, wọ́n ní àyè ìyá kì í ṣófo. Ó ti fọ àwọn ìgò. Mo bá a wí, ó ní, “Tàǹtí, ẹ má bínú sí mi. Gààrí tí ẹ ń yan ní Banigbé, ẹni mélòó ló ń bọ́? Kí màmá kú, kí ebi tún wá pa àwọn ọmọ mi? Ó ti parí, sé fíní.” Kò parọ́. Gààrí kò lérè tó ẹ̀sáǹsì, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú jẹ́. Mo ní kó wá bá mi yan án, ohun tí a bá rí, kí a jọ pín in dọ́gba. Ó ń nu àwọn ìgò náà lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń rò ó ni, tàbí ó ń bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀, ẹ ṣeun, a ò ní fi irú rẹ̀ san án. Àmọ́ mo mọ yàrá yín, mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn yín. Ẹ dákun, kí ẹ tó tún bá mi sunkún, ẹ lọ gbé e jáde. Ẹ kó yanrìn sítòsí. Bí ó bá sì ti gbiná, ẹ fi í sílẹ̀ kó jó, kí ẹ sá.

Àbẹ̀kẹ́, olóòótọ́ létí ọ̀nà, ìyá ọlọ́kadà, kí Ọlọ́run forí gbogbo àṣìṣe jì yín, kí ilẹ̀ tutù sí yín lára. Mo ti kó ẹní mi wá láti Banigbé. Inú yàrá Mùnírátù ni mo tẹ́ ẹ sí, níbi tó ti fẹ́ máa to kẹ́ẹ̀gì gan-an, ibẹ̀ ni mo sì ń sùn. Kò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń gbé oúnjẹ fún mi. Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí yóò bá gbé ẹ̀sáǹsì wọ yàrá yẹn, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde.

Àbúrò yín,
Ràfátù