Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Olùkọ́ Wò Ní Àgbègbè Wa

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Ìlá kógbá sílé, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rò, n kò ro ara mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, àwọn àbúrò mi sì wà nídìí iṣẹ́ wọn lókèèrè. Èmi nìkan ni mo kù nílé tí ń gbé e dìde láàárọ̀, tí ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọwọ́ tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Bí n kò bá rí iṣẹ́ mìíràn nítòsí, dandan ni kí n fi í sílẹ̀.

Kò sí ilẹ̀kùn tí n kò kàn, láti Òkè-Ìlá títí dé Ìgbájọ àti Iresi. Níkẹyìn, àgbà ìjọ wa kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń wá olùkọ́ ìṣirò," ó ní. "Múra dáadáa. Tètè dé. Má sì béèrè owó oṣù o! Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó."

"Ẹ ṣé, sà. Mo gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn: a kì í ná ọjà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ ṣe wá lóore.

Obìnrin tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, ó yìn ín, ó wá ní ìlànà àwọn ni pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ni fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn fi dán an wò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. N kò béèrè ohunkóhun.

Bí mo ti wọ kíláàsì àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin náà kò ní pẹ́ lọ?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Fi tíṣà lọ́rùn sílẹ̀ jàre! Àlejò ò tíì jókòó, o ti ń bi í lọ́jọ́ tí yóò padà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí yẹ̀yẹ́ ọmọdé lásán ni.

Tọkàntara ni mo fi kọ́ wọn. Bí mo bá ti gbé ìyá mi dìde tí mo sì fún un ní ẹ̀kọ mu, ọ̀kadà ni mo máa ń sáré gùn. Àwọn tí ìṣirò ń dà láàmú, mo máa ń dá wọn dúró lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní, "Ọkọ mi, ṣé wọ́n ti gbà ọ́?"

"Ó kù díẹ̀, màámi."

Ọjọ́ tí a parí gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ṣe ìdánwò lé lórí gan-an ni obìnrin náà pè mí sí ọ́fíìsì.

"Ẹ ṣeun, tíṣà. Ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ kò ní bá ibí mu. Olúwa yóò pèsè èyí tó dára jù fún yín."

"Kí ni mo ṣe tí kò dára, mà?"

"Kò sí o. Bí ìlànà wa ṣe rí ni."

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì níta, ó fọwọ́ di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mú. Ó ní wọ́n ní kí òun wá kọ́ ìṣirò fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi dán òun wò, ní kíláàsì tó tẹ̀ lé èyí tí mo kọ́. Ìgbà náà ni ojú mi là. Àwa tí a ń wáṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan lọ, òmíràn dé, wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bóyá tèmi á yàtọ̀." Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wọlé.

Olè jíjà ni mo pe ìwà yìí. N kò dárúkọ obìnrin náà nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń hù ú. Ìwọ tí ò ń wáṣẹ́, kí o tó bẹ̀rẹ̀, béèrè ẹni tó wà ní ipò náà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó lé e lọ. Béèrè ohun tí wọn yóò san fún ọ nígbà tí wọ́n bá ń dán ọ wò. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Èmi béèrè nígbà tí mo tún jáde wáṣẹ́, wọ́n dá mi lóhùn bó ṣe yẹ, wọ́n sì gbà mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà wà. Mo bẹ aládùúgbò wa kan pé kó máa bá mi tọ́jú ìyá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo wọ yàrá láti gbé e dìde, mo sì bá a tó ti dá jókòó sétí ibùsùn. Ó ti fi ọwọ́ kan ró ìró, ó ró o sódì. Òógùn bò ó.

"Ṣé o rí i?" ó ní, ó ń mí hẹlẹ. "Mo lè ṣe é. Máa lọ, ọkọ mi."