Káàdì Tí Bàbá Mi Gé Lára Páálí Ọṣẹ

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó délé lánàá. Mo ṣí páálí ọṣẹ tuntun kan, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí yàrá wa ní Ìsọlọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná ò sí, tí tírélà ń mi ilẹ̀ lójú títì.

Bàbá mi ti iṣẹ́ òru dé láti ilé iṣẹ́ ọṣẹ, àmọ́ kò tíì sùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń to káàdì tó gé lára páálí. Ọ̀rọ̀ Jámánì kan ló kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò èdè wọn.

"Èyí tó o bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni kó o gbé síwájú," ló wí fún mi. "Ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ni kì í kúrò ní ipò kejì, bí èmi náà ò ṣe lè kúrò nídìí ẹ̀rọ."

Mo gbé "morgen", ìyẹn ọ̀la, síwájú. Ó tún àwọn yòókù tò, ó wá túmọ̀ rẹ̀: "Ọ̀la ni mò ń lọ."

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ṣadé, ẹ sọ fún ọmọ yìí."

"Jẹ́ kó tò ó tán."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé èsì ìdánwò náà ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kò sì yege.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó da àwọn káàdì pọ̀, mo sì tún gbé ọ̀la síwájú. Ó ní mo ṣe é dáadáa, ó sì sùn lọ síbẹ̀, tòun ti káàdì lọ́wọ́.